Ìfagilé Aago-Àdéhùn níbi tí Òwú-Iṣẹ́ Púpọ̀ ti Ń Ṣiṣẹ́ Pọ̀

1. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé

Láàrin àwọn ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti gbé wọ inú ìgbésí ayé ojoojúmọ́, ìfagilé jẹ́ ọ̀kan tí gbogbo ènìyàn rò pé ó yé wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti rán ọmọ níṣẹ́ rí, tí ó sì yí ọkàn padà lẹ́yìn tí ọmọ náà ti jáde nílé, mọ̀ pé fífagi lé iṣẹ́ lẹ́nu kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ náà kò ní wáyé. Ó kù sí ibi tí ọmọ náà dé.

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ṣe ń yanjú ìṣòro yìí nínú àká-ètò, níbi tí òwú-iṣẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ń fọwọ́ kan aago kan ṣoṣo. Ó wà fún àwọn olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ń béèrè bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́, àti fún àwọn olùwádìí tí ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìmọ̀ tuntun. Èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé gírámà Yorùbá fúnra rẹ̀ ti pèsè ìyàtọ̀ tí ìmọ̀ yìí nílò, nínú ọ̀rọ̀ kéékèèké mẹ́ta: yóò, ń, àti ti.

2. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yéni

Òwú-iṣẹ́. Ètò kọ̀ǹpútà ni àkójọ àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ètò bá ń tẹ̀ lé àṣẹ lọ́nà kan ṣoṣo, òwú-iṣẹ́ kan ni ó ní; bí ó bá ń tẹ̀ lé e lọ́nà méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, òwú-iṣẹ́ rẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn elédè Faransé ń pè é ní fil, èyí tí í ṣe òwú gan-an. Àfiwé náà bá Yorùbá mu, nítorí ahunṣọ mọ̀ pé òwú púpọ̀ ní í di aṣọ kan, ó sì mọ̀ pé òwú tí kò ní ètò yóò lọ́ mọ́ra.

Àká-ètò. Èyí ni àkójọ iṣẹ́ kéékèèké tí ẹnì kan ti kọ sílẹ̀ kí àwọn ẹlòmíràn lè máa mú un lò nínú ètò tiwọn. Faransé ń pè é ní bibliothèque, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá túmọ̀ rẹ̀ sí ilé-ìkàwé, òǹkàwé yóò máa ro ti ìwé àti àga. Àká ni àgbẹ̀ ń kó ọkà sí, ẹni tí ń jẹ nínú rẹ̀ sì lè má mọ ẹni tí ó gbìn ín. Bákan náà ni ẹni tí ó kọ àká-ètò kò mọ ẹni tí yóò lò ó, kò sì mọ ibi tí yóò ti lò ó. Nítorí náà, ìlérí tí ó bá ṣe ní láti dúró ní ibi gbogbo.

Aago-àdéhùn. Èyí ni aago tí ètò fi sílẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn pé nígbà tí àsìkò kan bá pé, kí ohun kan ṣẹlẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ó sì lè jẹ́ lemọ́lemọ́, gẹ́gẹ́ bí ọjà tí ń ná ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún.

Iṣẹ́-àfirán. Èyí ni ohun tí aago yóò ṣe nígbà tí àsìkò bá pé. Ètò rán aago níṣẹ́. Aago a sì jẹ́ iṣẹ́ náà. Ohun tí ó yẹ kí òǹkàwé fi sọ́kàn ni pé òwú-iṣẹ́ tí ó rán ni níṣẹ́ lè yàtọ̀ sí òwú-iṣẹ́ tí ń jẹ́ iṣẹ́. Níbẹ̀ ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀.

3. Ìdí tí ìfagilé fi ṣe pàtàkì

Ènìyàn lè rò pé aago wà kí ó lè dún, àti pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fagi lé e. Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kan bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí òmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó máa ń fi aago-àdéhùn sílẹ̀: bí ìdáhùn kò bá dé kí àsìkò tó pé, kí ó tún ọ̀rọ̀ náà fi ránṣẹ́. Ìlànà RFC 6298, tí ó jáde ní ọdún 2011, dá a lábàá pé kí àsìkò yìí jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 1 ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀rọ tó mọ bí ìdáhùn ṣe ń pẹ́ tó lójú ọ̀nà. Bí nǹkan bá ń lọ déédéé, ìdáhùn ni yóò kọ́kọ́ dé, aago náà yóò sì di fífagilé láìdún rárá.

Ní ọdún 1987, George Varghese àti Tony Lauck ṣàlàyé bí wọ́n ṣe lè to àwọn aago sórí ohun tí ó dà bí àgbá kẹ̀kẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí fífi aago sílẹ̀ àti fífagi lé e yóò yá bákan náà, ìbáà jẹ́ pé aago mẹ́wàá ni ó wà tàbí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Wọ́n fi ìfagilé sí ipò kan náà pẹ̀lú ìfisílẹ̀, wọn kò kà á sí ohun àfikún. Ìyára nìkan kò tó, ṣùgbọ́n. Níbi tí òwú-iṣẹ́ bá ti pọ̀, ìfagilé ní láti sọ òtítọ́ pẹ̀lú.

4. Eré-ìje láàrin òwú-iṣẹ́ méjì

Kí òǹkàwé wo ètò ìtẹ̀wé kan, irú èyí tí àwọn olùkọ́ fi ń tẹ ìwé àkọ́kà. Ètò náà ń tọ́jú ìwé tí ó wà lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú 5-5, kí iná má baà lọ kí iṣẹ́ sì ṣòfò. Òwú-iṣẹ́ Kìíní ń gbọ́ ti ẹni tí ń tẹ̀wé. Òwú-iṣẹ́ Kejì ni ti aago. Ohun tí ó tẹ̀ lé e yìí lè ṣẹlẹ̀:

(i) Òwú-iṣẹ́ Kejì rí i pé ìṣẹ́jú 5 ti pé. Ó gbọ́ iṣẹ́-àfirán náà, ṣùgbọ́n kò tíì kọ ohunkóhun sílẹ̀.
(ii) Ẹ̀rọ dá Òwú-iṣẹ́ Kejì dúró díẹ̀, ó sì fún Òwú-iṣẹ́ Kìíní láyè.
(iii) Òǹtẹ̀wé pa ìwé náà dé. Òwú-iṣẹ́ Kìíní fagi lé aago, ó sì dá àyè ìpamọ́ tí ìwé náà ń lò padà fún ẹ̀rọ.
(iv) Òǹtẹ̀wé ṣí ìwé mìíràn. Ẹ̀rọ fi àyè ìpamọ́ kan náà fún un.
(v) Òwú-iṣẹ́ Kejì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó kọ ohun tí ó bá nínú àyè náà sórí ìwé ti àkọ́kọ́.

Báyìí ni ìwé àkọ́kà kan ṣe lè di èyí tí ọ̀rọ̀ ìwé mìíràn kún inú rẹ̀, láìjẹ́ pé òǹtẹ̀wé ṣẹ̀. Bí wọ́n bá tún ohun kan náà ṣe ní ìgbà ẹgbẹ̀rún, ó lè má ṣẹlẹ̀ mọ́, nítorí pé ó kù sí bí ẹ̀rọ ṣe pín àyè fún òwú-iṣẹ́ méjèèjì. Irú àṣìṣe yìí ni wọ́n ń fi wé eré-ìje: ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ni ó ń pinnu bí ọ̀rọ̀ yóò ṣe rí.

Ohun tí ó burú ju ìwé lọ ti ti ipa irú eré-ìje bẹ́ẹ̀ wá. Láàrin oṣù kẹfà ọdún 1985 àti oṣù kìíní ọdún 1987, ẹ̀rọ ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní Therac-25 fún aláìsàn 6 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ní ìtànṣán tí ó pọ̀ rékọjá. Àwọn kan kú, àwọn kan sì farapa gidigidi. Ìwádìí tí Nancy Leveson àti Clark Turner tẹ̀ jáde ní ọdún 1993 fi hàn pé, nínú ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tí àṣìṣe náà gbà wáyé, ẹ̀rọ náà ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 8 láti gbé àwọn mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí ipò. Bí ẹni tí ń darí rẹ̀ bá ṣe àtúnṣe sí ohun tí ó ti tẹ̀ kí ìṣẹ́jú-àáyá 8 náà tó pé, apá kan nínú ètò náà kò mọ̀. Ẹni náà rí àtúnṣe rẹ̀ lójú ẹ̀rọ, ó sì gbà pé ẹ̀rọ ti gbọ́. Èyí kì í ṣe ìfagilé aago gan-an, ṣùgbọ́n gbòǹgbò wọn jọra: ènìyàn yí ọkàn padà nígbà tí iṣẹ́ ti wà lẹ́nu ṣíṣe, ẹ̀rọ kò sì sọ òtítọ́ fún un.

5. Yóò, ń, ti

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí máa ń ro aago sí ipò méjì péré: ó wà, tàbí kò sí. Bí ó bá wà, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò; bí kò bá sí, ọ̀rọ̀ parí. Gírámà Yorùbá kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rọrùn tó bẹ́ẹ̀, ó sì tọ̀nà.

Aago yóò jẹ́ iṣẹ́. Iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìfagilé pé níhìn-ín: yíyọ orúkọ aago kúrò nínú àkọsílẹ̀ ti tó.

Aago ti jẹ́ iṣẹ́. Iṣẹ́ ti parí. Kò sí ohun tí ó kù láti fagi lé. Ẹyin lohùn, bí ó bá ti balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.

Aago ń jẹ́ iṣẹ́. Iṣẹ́ wà lẹ́nu ṣíṣe. Ibí yìí ni èrò ipò méjì ti kùnà, nítorí pé aago náà kò sí nínú àkọsílẹ̀ mọ́, síbẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí.

Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ kíyè sí i pé ń kì í tọ́ka sí ìsinsìnyí nìkan. Nínú gbólóhùn bíi “Nígbà tí Àlàbí dé lánàá, Bísí ń jẹun”, ìgbà tí ó ti kọjá ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí ń fi hàn ni pé ìjẹun náà ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sì tíì ní òpin ní àkókò tí Àlàbí wọlé. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni àká-ètò gbọ́dọ̀ ní nípa aago: ibo ni iṣẹ́ dé nígbà tí àṣẹ ìfagilé wọlé?

Láti inú èyí ni ìyàtọ̀ mìíràn ti jáde. Fífagi lé jẹ́ ti àkọsílẹ̀: wọ́n fa igi lé orúkọ, ó parí. Dídúró de jẹ́ ti ìránṣẹ́: wọ́n dúró títí ẹni tí ó ti lọ yóò fi padà dé. Àká-ètò tí ó bá pe méjèèjì ní orúkọ kan ṣoṣo yóò ṣi ènìyàn lọ́nà.

6. Ohun tí àwọn àká-ètò ńlá ṣe

Nínú èdè Java, java.util.Timer wọlé pẹ̀lú ẹ̀dà 1.3 ní ọdún 2000. Àṣẹ cancel ti TimerTask ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni bí ó bá dènà ó kéré tán ìgbà kan tí iṣẹ́ ìbá wáyé. Bí kò bá dènà ohunkóhun, ó ń dáhùn bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí iṣẹ́ bá wà lẹ́nu ṣíṣe, yóò parí, kò sì ní tún wáyé mọ́. Cancel kò ní dúró dè é. Àkọsílẹ̀ threading.Timer ti Python sọ ọ́ gbangba pé ìfagilé ń ṣiṣẹ́ nígbà tí aago ṣì ń dúró de àsìkò rẹ̀ nìkan.

Nínú Windows, àṣẹ DeleteTimerQueueTimer fi ìpinnu sọ́wọ́ ẹni tí ó pè é. Ó lè ní kí àṣẹ náà má dúró. Ó lè ní kí ó dúró títí iṣẹ́ tí ń lọ lọ́wọ́ yóò fi parí. Ó sì lè ní kí wọ́n ta òun lólobó nígbà tí ó bá parí.

Linux ya orúkọ méjì sọ́tọ̀: timer_delete ń yọ aago kúrò nínú àkọsílẹ̀, kì í sì í dúró, timer_delete_sync ń dúró títí iṣẹ́-àfirán tí ń lọ lọ́wọ́ yóò fi parí. Orúkọ wọn àtijọ́ ni del_timer àti del_timer_sync. Síbẹ̀, ihò kan kù: lẹ́yìn tí ìdúró bá parí, òwú-iṣẹ́ mìíràn lè tún aago kan náà fi sílẹ̀. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fi timer_shutdown_sync kún un nínú ẹ̀dà 6.2, tí ó jáde ní oṣù kejì ọdún 2023. Ó ń dúró, ó sì ń ti ilẹ̀kùn: ẹnikẹ́ni tí ó bá tún fẹ́ fi aago náà sílẹ̀ kò ní rí i ṣe.

Nínú èdè Go, aago lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sínú ọ̀nà tí òwú-iṣẹ́ ń gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ṣáájú ẹ̀dà 1.23, tí ó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, àṣẹ Stop lè dé lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ọ̀nà, ẹni tí ó bá gbàgbé láti gbọ́n ọn dànù yóò sì gba ọ̀rọ̀ àtijọ́ bí ẹni pé ó jẹ́ tuntun. Láti ẹ̀dà náà wá, fún ètò tí ó bá kéde pé òun ń lò ó, kò sí ọ̀rọ̀ àtijọ́ mọ́ lẹ́yìn tí Stop bá ti dáhùn.

7. Bí wọ́n ṣe lè to ìfagilé tí kò ní ṣini lọ́nà

Ohun àkọ́kọ́ ni àgádágodo. Ní ọdún 1965, Edsger Dijkstra, ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì, tẹ ojútùú kan jáde lórí bí ọ̀pọ̀ òǹṣiṣẹ́ inú ẹ̀rọ ṣe lè máa wọ ibi kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí méjì má baà bá ara wọn níbẹ̀. Àgádágodo ètò ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn: òwú-iṣẹ́ tí ó bá mú un ni ó lè wo ipò aago tí ó sì lè yí i padà, àwọn yòókù a dúró.

Ohun kejì ni pé kí wọ́n kọ ipò aago sílẹ̀ ní kedere: YÓÒ, Ń, TI, tàbí FAGILÉ. Lẹ́yìn èyí, òwú-iṣẹ́ aago yóò tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ mẹ́ta:

(i) Mú àgádágodo. Bí ipò bá jẹ́ YÓÒ, tí àsìkò sì ti pé, yí i padà sí Ń, kọ orúkọ òwú-iṣẹ́ tí ń jẹ́ iṣẹ́ sílẹ̀, kí o sì fi àgádágodo sílẹ̀.
(ii) Jẹ́ iṣẹ́-àfirán náà láìmú àgádágodo lọ́wọ́.
(iii) Mú àgádágodo, yí ipò padà sí TI, jí gbogbo ẹni tí ń dúró, kí o sì fi àgádágodo sílẹ̀.

Òwú-iṣẹ́ tí ó fẹ́ fagi lé yóò mú àgádágodo kan náà, yóò sì wo ipò:

(i) Bí ó bá jẹ́ YÓÒ, yí i padà sí FAGILÉ, kí o dáhùn pé: “Kò ní wáyé.”
(ii) Bí ó bá jẹ́ TI tàbí FAGILÉ, dáhùn pé: “Kò sí ohun tí ó kù.”
(iii) Bí ó bá jẹ́ Ń, tí ẹni tí ó pè kò sì fẹ́ dúró, dáhùn pé: “Ó ti bẹ̀rẹ̀.”
(iv) Bí ó bá jẹ́ Ń, tí ẹni tí ó pè sì fẹ́ dúró, fi àgádágodo sílẹ̀ kí o sùn títí ipò yóò fi di TI, lẹ́yìn náà dáhùn pé: “Ó ti parí.”

Ìdáhùn yìí ni ọkàn gbogbo iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn “Kò ní wáyé”, “Kò sí ohun tí ó kù” tàbí “Ó ti parí”, ẹni tí ó pè lè dá àyè ìpamọ́ padà láìbẹ̀rù. Lẹ́yìn “Ó ti bẹ̀rẹ̀”, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, nítorí pé ẹnì kan ṣì wà nínú ilé. Nínú àpẹẹrẹ ìtẹ̀wé ìṣáájú, bí Òwú-iṣẹ́ Kìíní bá ti dúró de “Ó ti parí” kí ó tó dá àyè padà, ìwé méjèèjì kì bá tí dàpọ̀.

Aago alátúnṣe, èyí tí ń dún lemọ́lemọ́, nílò àmì kan sí i. Bí ìfagilé bá bá a ní ipò Ń, kí ó fi àmì “má tún bẹ̀rẹ̀” sílẹ̀. Nígbà tí òwú-iṣẹ́ aago bá dé ìgbésẹ̀ kẹta, yóò wo àmì yìí kí ó tó pinnu bóyá aago yóò padà sí YÓÒ tàbí yóò di TI.

Nọ́ńbà pẹ̀lú ní ewu tirẹ̀. Bí àká-ètò bá fún aago ní nọ́ńbà 7, tí aago náà parí, tí wọ́n sì fún aago ẹlòmíràn ní 7 kan náà, ìfagilé tí ó pẹ́ dé yóò fagi lé iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ojútùú rẹ̀ ni kí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní ìran: 7 ti ìran kìíní yàtọ̀ sí 7 ti ìran kejì, bí ọmọ tí wọ́n fi orúkọ bàbá-ńlá rẹ̀ pè ṣe yàtọ̀ sí bàbá-ńlá náà.

8. Ìdúró-de-ara-wọn

Ìdúró ní ewu tirẹ̀. Bí iṣẹ́-àfirán bá fagi lé aago tirẹ̀, tí ó sì ní òun yóò dúró títí iṣẹ́ yóò fi parí, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń dúró dè. Kò ní parí láéláé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi kọ orúkọ òwú-iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kìíní: bí ẹni tí ó pè bá jẹ́ ẹni tí ń jẹ́ iṣẹ́, kí àká-ètò dáhùn “Ó ti bẹ̀rẹ̀” láìdúró. Àkọsílẹ̀ Windows náà kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe lo ìdúró láti inú iṣẹ́-àfirán.

Èyí tí ó farasin jù ni ti àgádágodo ẹni tí ń lo àká. Bí Òwú-iṣẹ́ Kìíní bá mú àgádágodo ìwé lọ́wọ́, tí ó sì ń dúró de aago, tí iṣẹ́-àfirán náà sì nílò àgádágodo ìwé kan náà kí ó tó lè parí, olúkúlùkù yóò máa dúró de ẹnìkejì. Ètò náà yóò dákẹ́ láìṣubú. Àká-ètò kò lè rí èyí, nítorí pé kò mọ àgádágodo tí ó wà lọ́wọ́ àlejò. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó kọ ìkìlọ̀ sílẹ̀ ní gbangba, gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ timer_delete_sync ti ṣe: ẹni tí ó bá fẹ́ dúró gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi àgádágodo tí iṣẹ́-àfirán nílò sílẹ̀.

9. Àgbálọgbábọ̀

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí ó kù lọ́kàn òǹkàwé. Èkíní, ìfagilé aago jẹ́ ìbéèrè tí ó ní ìdáhùn ju ẹyọ kan lọ, àká-ètò tí ó dára sì ń sọ èyí tí ó jẹ́ òtítọ́. Èkejì, fífagi lé àti dídúró de jẹ́ iṣẹ́ méjì, ó sì yẹ kí ẹni tí ń lò ó lè yan èyí tí ó fẹ́. Ẹ̀kẹta, kò yẹ kí àká-ètò mú àgádágodo lọ́wọ́ nígbà tí ó bá ń jẹ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Ní ti èdè, àwọn olùkọ́ lè fi yóò, ń àti ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí lójú pátákó kí wọ́n tó dárúkọ ẹ̀rọ kankan. Àgbàlagbà tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọmọ tí yóò lọ, ọmọ tí ń lọ, àti ọmọ tí ti lọ dé. Ó sì mọ èyí tí ó ṣì lè pè padà láti ẹnu ọ̀nà.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí àpilẹ̀kọ yìí lò

Aago-àdéhùn: aago tí ètò fi sílẹ̀ láti jẹ́ iṣẹ́ kan nígbà tí àsìkò bá pé.
Àgádágodo: ohun tí ń jẹ́ kí òwú-iṣẹ́ kan ṣoṣo wọ ibi kan lẹ́ẹ̀kan.
Àká-ètò: àkójọ iṣẹ́ kéékèèké tí àwọn ètò mìíràn ń mú lò.
Àyè ìpamọ́: ibi tí ẹ̀rọ ń kó ohun tí ó ń lò lọ́wọ́ sí.
Eré-ìje: àṣìṣe tí ó kù sí òwú-iṣẹ́ tí ó bá kọ́kọ́ dé.
Ìdúró-de-ara-wọn: ipò tí òwú-iṣẹ́ méjì ń dúró de ara wọn láìlópin.
Ìran: àmì tí ń ya nọ́ńbà àtijọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára tuntun.
Iṣẹ́-àfirán: ohun tí wọ́n rán aago láti ṣe.
Òwú-iṣẹ́: ọ̀nà kan tí ètò gbà ń tẹ̀ lé àṣẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.